Thomas Commeraw: Amọ̀kòkò New York tí àwọn òpìtàn rò pé òyìnbó ni

Bí ẹ bá lọ sí Corlears Hook Park lónìí, létí odò East River ní Manhattan, àwọn tó ń sáré ìdárayá, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré àti ọkọ̀ tó ń sáré kọjá lórí FDR Drive ni ẹ máa rí. Kò sí iléru kankan níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi 200 ọdún sẹ́yìn, èéfín iná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò kì í dá lójú ọ̀run àdúgbò yìí. Ọ̀kan lára àwọn tó ni iléru níbẹ̀ ni Thomas W. Commeraw, ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí wọ́n bí sínú ẹrú, tó sì wá di ọ̀gá ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sọnù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà ti mọ jọ́ọ̀gì àti ìkòkò rẹ̀, nítorí ó máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí wọn lára. Orúkọ wà níbẹ̀, àdúgbò wà níbẹ̀, ìlú náà wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí òǹtẹ̀ náà kò sọ ni àwọ̀ ara ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò sì sẹ́ni tó béèrè, gbogbo wọn gbà pé òyìnbó ni.

Ìtàn ọkùnrin náà la mú wá fún yín lónìí, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè dá jọ́ọ̀gì àtijọ́ ti Amẹ́ríkà mọ̀ bí ẹ bá rí ọ̀kan.

Ta ni Thomas Commeraw?

Nǹkan bíi ọdún 1771 sí 1772 ni wọ́n bí Commeraw, nígbà tí New York ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹrú ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó ni ín ni William Crolius, ọmọ ìdílé amọ̀kòkò tó ṣẹ̀ wá láti Jámánì. Ìdílé Crolius àti ìdílé Remmey ló lórúkọ jù nídìí iṣẹ́ ìkòkò ní Manhattan láyé ìgbà náà. Ebu wọn wà ní òkè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pot Baker's Hill, nítòsí ibi tí City Hall wà lónìí.

Itòsí ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí àwọn adúláwọ̀ ìlú náà ń sin òkú wọn sí wà. Ní ọdún 1991, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ́ kan sórí ilẹ̀ yìí, wọ́n kan sàréè. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò bá egungun nìkan pàdé. Wọ́n tún bá àfọ́kù ìkòkò tó bàjẹ́ nínú iná, èyí tí àwọn amọ̀kòkò ti kó dànù sórí ilẹ̀ ìsìnkú náà. Òkú 419 ni wọ́n tún sin síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní ọdún 2003, ìjọba sì sọ ilẹ̀ náà di ibi ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2006. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni Commeraw ti ṣe kékeré: àwọn ọ̀gá ń rówó nínú amọ̀, wọ́n sì ń da èyí tó bàjẹ́ sórí sàréè àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ó ṣì kéré nígbà tí William Crolius kú. Ìwé ìhágún ọkùnrin náà ló dá Commeraw àti àwọn ẹbí rẹ̀ sílẹ̀. Ogun òmìnira Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà.

Ó dá iléru tirẹ̀ sílẹ̀

Ní nǹkan bíi ọdún 1797, Commeraw ti ní ebu tirẹ̀ ní Corlears Hook. Kí ẹ lè mọ bí èyí ṣe tóbi tó, ẹ rántí pé lẹ́yìn ìgbà náà, ní ọdún 1799, ni ìpínlẹ̀ New York ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí òwò ẹrú díẹ̀díẹ̀. Òfin náà kò dá àwọn tó ti wà lóko ẹrú sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún náà lọ ló kàn, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ sin ọ̀gá ìyá wọn títí ọkùnrin á fi pé ọmọ ọdún 28, tí obìnrin á fi pé ọmọ ọdún 25. Ọdún 1827 ni gbogbo ẹrú tó ṣẹ́kù tó gba òmìnira. Ní gbogbo ìgbà tí Commeraw fi ń tẹ orúkọ rẹ̀ sára jọ́ọ̀gì, òfin ṣì gbà kí ènìyàn ra ènìyàn ní ìlú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ilé. Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù, tàbí ní Dàda ní Ìlọrin, ìta gbangba ni wọ́n ti ń to ìkòkò jọ, tí wọ́n á fi igi àti koríko bò ó, tí wọ́n á sì finá sí i. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ máa ń mú omi tutù, nítorí pé omi ń rìn díẹ̀díẹ̀ gba ara rẹ̀ jáde. Ti Commeraw yàtọ̀. Inú iléru tí wọ́n fi bíríkì mọ ló ti ń sun tirẹ̀, iná náà sì máa ń gbóná kọjá 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná bá ti dé góńgó, wọ́n á da iyọ̀ sínú iléru. Iyọ̀ náà á di oru, oru náà á lẹ̀ mọ́ amọ̀ tó ti pọ́n, á sì di awọ tín-ín-rín tó ń dán bíi dígí. Ìkòkò tó bá jáde níbẹ̀ á le bí òkúta. Omi kì í gba ara rẹ̀ kọjá, ọtí kíkan kì í sì í jẹ ẹ́. Ohun tí òyìnbó ń pè ní stoneware nìyẹn.

Ìkòkò yìí tún ní àǹfààní mìíràn. Òjé ni wọ́n fi ń mú ìkòkò pupa tí àwọn ará ìlú ń lò tẹ́lẹ̀ dán, òjé náà sì máa ń yọ́ sínú oúnjẹ tó bá kan. Ìkòkò oníyọ̀ kò ní òjé nínú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ẹran oníyọ̀, bọ́tà, ọtí tàbí ẹ̀fọ́ kíkan mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi owó kún owó.

Amọ̀ tó dára fún irú iṣẹ́ yìí, New Jersey tó wà ní òdìkejì omi ni wọ́n ti ń kó o wá. Ibi tí iléru Commeraw wà bá a mu: amọ̀ àti igi ìdáná lè gba orí omi wọlé, ìkòkò tó bá jinná lè gba orí omi jáde.

Lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ni àwọn tó ń ta ọ́yísítà, ìyẹn ẹran inú ìkarahun tí wọ́n ń kó lójú omi New York. Olówó ń jẹ ẹ́, tálákà ń jẹ ẹ́, àwọn adúláwọ̀ sì pọ̀ nídìí òwò náà. Commeraw mọ ìkòkò kéékèèké fún Daniel Johnson àti George White, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, ó sì tẹ orúkọ wọn sí i lára. Ọ́yísítà tí wọ́n ti fi ọtí kíkan àti èròjà pa mọ́ ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kó lè rin ọ̀nà jíjìn. Títí dé Guyana, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí irú ìkòkò ọ́yísítà Commeraw lóde òní. Ẹ wò ó bí ó ti rí: adúláwọ̀ ló mọ ìkòkò, adúláwọ̀ ló ta ohun inú rẹ̀, orúkọ wọn sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkèèrè láti ìlú tí òfin rẹ̀ ṣì ka irú wọn mọ́ ẹrù.

Báwo ni ẹ ṣe lè dá jọ́ọ̀gì àtijọ́ mọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ti rí irú jọ́ọ̀gì eérú aláwọ̀ aró yìí rí, yálà ní ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù tàbí nílé àgbàlagbà kan. Àwọn ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń wò nìyí.

Ìrísí: Jọ́ọ̀gì tó bá fẹ̀ léjìká tó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀, bí ẹyin tí wọ́n gbé nàró, ti pẹ́. Irú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ títí di nǹkan bíi ọdún 1840. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi ti agolo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà.

Ara: Ẹ fi ọwọ́ pa á. Ara ìkòkò oníyọ̀ máa ń rí pátipàti bí èèpo ọsàn òyìnbó. Bí ó bá jọ̀lọ̀ bíi ti àwo ìjẹun tuntun, ẹ ṣọ́ra.

Ọnà: Láyé Commeraw, wọ́n máa ń fi ohun ẹnu ṣóńṣó fín ọnà sí amọ̀ tútù, tàbí kí wọ́n tẹ ọnà sí i, kí wọ́n tó fi kóbáltì kùn ún. Iná ló ń sọ kóbáltì di àwọ̀ aró. Ọnà kan tí wọ́n mọ̀ mọ Commeraw dà bí aṣọ tí wọ́n ta kọ́ tó ṣẹ́po sílẹ̀, tó ní wajawaja. Bí ó bá jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ya ẹyẹ tàbí òdòdó sí jọ́ọ̀gì náà láì fín in, ẹ̀yìn ìgbà Commeraw ni irú rẹ̀ wọ́pọ̀.

Inú: Ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi amọ̀ Albany tó ń di àwọ̀ kọfí nínú iná kun inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yìn ọdún 1820, torí ìgbà náà ni àṣà yẹn wọ́pọ̀.

Òǹtẹ̀: Èyí ló ń sọ̀rọ̀ jù. Kí nǹkan bíi ọdún 1800 tó dé, ìwọ̀nba amọ̀kòkò Amẹ́ríkà ló ń tẹ orúkọ sára iṣẹ́ wọn. Commeraw wà lára àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ máa ń dárúkọ Corlears Hook àti New York, àwọn kan sì gbé orúkọ òun fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ àti àdúgbò, ìwé àdírẹ́sì ará ìlú àti ìwé ìkànìyàn lè sọ ọdún tí ẹni náà fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè bíi England tàbí Germany ni wọ́n tẹ̀ sí i, kì í ṣe iṣẹ́ Amẹ́ríkà, kò sì dà bí ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1890 ló pàṣẹ pé kí ọjà òkèèrè máa gbé orúkọ ibi tó ti wá.

Ayédèrú: Àwọn kan máa ń kun àwọ̀ aró tuntun sí jọ́ọ̀gì àtijọ́ tí kò ní ọnà, kí owó rẹ̀ lè gbówó lérí. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń gbé kalẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé sókè fún 200 ọdún gbọ́dọ̀ ti fara gbo ilẹ̀.

Gbogbo àmì yìí lè sọ ibi tí jọ́ọ̀gì ti wá àti ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ irú ènìyàn tó mọ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣi Commeraw mú.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé adúláwọ̀ ni

Àwọn tó kọ̀wé nípa ìkòkò ní ọ̀rúndún ogún ń dárúkọ Commeraw pọ̀ mọ́ àwọn amọ̀kòkò New York yòókù bí ẹni pé òyìnbó ni. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni jókòó pète láti purọ́. Wọ́n rí iṣẹ́ tó dára, wọ́n rí orúkọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́, wọ́n sì ti ní àwòrán irú ẹni tó lè ni ilé iṣẹ́ lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Àwòrán ọkàn wọn ló kọ ìtàn náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni A. Brandt Zipp, tí ìdílé rẹ̀ ń ta ìkòkò àtijọ́ ní gbàǹjo ní ìpínlẹ̀ Maryland lábẹ́ orúkọ Crocker Farm, ń yẹ ìwé ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ wò. Ó rí orúkọ Commeraw níbẹ̀, ó sì rí i pé adúláwọ̀ ni akọ̀wé ìjọba kọ ọ́ sí. Èyí mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ orúkọ náà láti ìwé kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbé ìwé ńlá kan jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 2022.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó fi òótọ́ yìí pa mọ́. Inú ìwé ìjọba ló wà ní gbogbo ìgbà náà.

Ọkọ̀ Elizabeth gbé e lọ sí Afíríkà

Ibi tí orúkọ náà gbé àwọn olùwádìí dé lẹ́yìn náà jìnnà sí Corlears Hook. Ní nǹkan bíi ọdún 1819, iṣẹ́ ìkòkò Commeraw dópin. Ní oṣù Kejì ọdún 1820, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ Elizabeth tó ṣí kúrò ní New York lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn Afíríkà.

Ẹgbẹ́ American Colonization Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1816, ló ṣètò ìrìnàjò náà pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba. Ní ọdún 1819, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí 100,000 dọ́là láti dá àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun padà sí Afíríkà, owó yìí ni wọ́n sì fi ṣí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà kò tà létí ọ̀pọ̀ adúláwọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1817, nǹkan bíi 3,000 adúláwọ̀ péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bethel ní Philadelphia, wọ́n sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ojú wọn ni pé ilẹ̀ tí àwọn àti bàbá wọn fi òógùn tún ṣe ni wọ́n fẹ́ lé àwọn kúrò lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn rò ó síbòmíràn: bí ilẹ̀ yìí kò bá ní gbà wá láéláé, ṣé kò sàn ká lọ síbi tí a ó ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀? Commeraw, ẹni tó ti ní ilé iṣẹ́ tí ó sì ti lórúkọ, wà lára àwọn tó lọ.

Èrò inú ọkọ̀ náà lé ní 80. Lára wọn ni Daniel Coker, òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti Baltimore. Aṣojú òyìnbó mẹ́ta ló ṣáájú wọn: Samuel Bacon, John Bankson àti dókítà Samuel Crozer. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù Kẹta, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lọ sí erékùṣù Sherbro. Omi ibẹ̀ kò dára, ilẹ̀ náà jẹ́ àbàtà, òjò sì dé. Láàárín oṣù díẹ̀, ibà pa àwọn aṣojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àwọn èrò tó lé ní 20. Ikú náà wọ inú ẹbí Commeraw. Coker ló gba àkóso lẹ́yìn náà, nígbà tó sì yá, àwọn tó kù ṣí lọ sí Fourah Bay ní Freetown.

Fourah Bay kì í ṣe orúkọ àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn, Àjàyí, sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Fourah Bay ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn, èbúté kan náà rí ọkùnrin tó ti Amẹ́ríkà wá ilé bọ̀ àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n já gbà lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà.

Commeraw kò dúró. Ní ọdún 1822, àwọn tó ń bá ètò náà lọ kọrí sí Cape Mesurado, níbi tí Monrovia wà lónìí, ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ Liberia. Òun ní tirẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1823. Ìpínlẹ̀ New York tó fi sílẹ̀ kò dúró dè é bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin tuntun tí wọ́n kọ níbẹ̀ ní ọdún 1821 sọ pé ọkùnrin adúláwọ̀ kò lè dìbò àfi bó bá ní ohun ìní tó tó 250 dọ́là, wọ́n sì mú irú gbèdéke ohun ìní bẹ́ẹ̀ kúrò fún òyìnbó.

Kí ló kù lónìí?

Láti oṣù Kìíní dé oṣù Karùn-ún ọdún 2023, New-York Historical Society tó wà ní Central Park West pàtẹ ìkòkò Commeraw fún gbogbo ayé wò, pẹ̀lú ìtàn ayé rẹ̀. Bí àtẹ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni òmíràn ń parí ní Metropolitan Museum ní òdìkejì Central Park. Ti àwọn amọ̀kòkò adúláwọ̀ Edgefield ní South Carolina ni èyí, lára wọn sì ni David Drake, ẹrú tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ìṣà nígbà tí òfin ibẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. Àwọn méjèèjì fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ti Drake, ayé mọ̀ pé ẹrú ni. Ti Commeraw, wọ́n gba orúkọ náà, wọ́n sì fi fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ọ̀nà tó tẹ̀, African Burial Ground wà nítòsí City Hall, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé síbẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Corlears Hook láàárín wákàtí kan.

Nílé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè. Nàìjíríà ya àwòrán Ladi Kwali sí ẹ̀yìn owó 20 náírà, nítorí a mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìṣà omi tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà yín? Ìpetumodù ni wọ́n ti rà á ni, àbí Dàda? Kò ní òǹtẹ̀ lára. Bí ẹni tó mọ̀ bá ṣì wà láyé, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ irú ẹni tó jẹ́ pẹ̀lú.